Aṣọ Tó Dé Sánsíbà

Màsúdát wà nínú òkun, omi mù ún dé ìbàdí, ó ń rẹ́rìn-ín ṣáá, nígbà tí Bàṣírù ọkọ rẹ̀ na fóònù sókè létí omi, tó ń pariwo pé ẹ̀gbọ́n rẹ̀ ń pè láti Ìlọrin. Ọjọ́ Ajé ni, aago mẹ́wàá àárọ̀ ti kọjá. Ó ku ọjọ́ méjì kí wọ́n kúrò ní Sánsíbà, erékùṣù tó wà lójú òkun lọ́hùn-ún níhà ìlà-oòrùn Áfíríkà, níbi tí iyanrìn ti funfun bí iyọ̀, tí igi àgbọn sì tò lọ títí ojú ò fi tó o mọ́. Láti ọdún mọ́kàndínlógójì tí wọ́n ti bí i, Màsúdát ò rí òkun rí. Odò Asà tó gba àárín Ìlọrin kọjá ni gbogbo omi ńlá tó mọ̀.

Ẹ jẹ́ n tètè sọ ọ́ o, kí ẹ má baà ní mo fi nǹkan pamọ́ fún yín. Gbogbo àdúgbò Gàmbàrí ní Ìlọrin, láti agbo ilé wọn títí dé ẹnu ọ̀nà mọ́ṣáláṣí, ló mọ̀ pé Mẹ́kà ni Màsúdát wà.

Ó jáde nínú omi, aṣọ rẹ̀ ń kán tótó, ó gba fóònù.

“Àlájà wa!” Hàrúnà ló ń sọ̀rọ̀. Òun ni àkọ́bí ìyá wọn, ọkùnrin tí kì í bá ènìyàn ṣàwàdà, ṣùgbọ́n láti ọjọ́ tí àbúrò rẹ̀ ti wọ bàálù ni kò ti pè é lórúkọ mọ́. “Ṣé ẹ ti kírun tán níbẹ̀?”

“Bọ̀ọ̀dá, ẹ káàárọ̀. Ṣé àlàáfíà ni?”

“Àlàáfíà kọ́. Màmá ni. Láti Sátidé ni àyà ti ń há wọn. A gbé wọn lọ sọ́sibítù, wọ́n fárígá pé àwọn ò sùn síbẹ̀, ká gbé àwọn padà sílé. Ilé la wà báyìí. Dókítà pè mí sẹ́gbẹ̀ẹ́ kan… Màsúdát, wọn ò jẹun mọ́. Nǹkan kan ṣoṣo ni wọ́n ń bèèrè. Wọ́n ní aṣọ àwọn dà? Wọ́n ní àwọn ò níí lọ àfi tí aṣọ àwọn bá dé. Ṣé o ti fọ̀ ọ́?”

Kó tó ronú, ẹnu rẹ̀ ti dáhùn. “Mo ti fọ̀ ọ́.”

“Ní omi sàmúsàmú?”

“Ní sàmúsàmú, Bọ̀ọ̀dá.”

“Alihamudulilai!” Ó gbọ́ tí ẹ̀gbọ́n rẹ̀ ń sọ fún ẹnìkan nítòsí pé ó ti fọ̀ ọ́ o, ó ti fọ̀ ọ́. Ó gbọ́ ohùn obìnrin kan tó ké “Allahu Akbar” nínú yàrá ìyá rẹ̀. Lẹ́yìn náà ni fóònù já.

Ó jókòó sórí iyanrìn gbà-á. Aṣọ tí wọ́n ń bèèrè wà nínú àpótí rẹ̀ ní hòtẹ́ẹ̀lì, nínú ọ̀rá dúdú, bí ìyá rẹ̀ ṣe dì í fún un gẹ́lẹ́. Kò tíì kan omi kankan.

Kò kúkú sẹ́ni tó jókòó hùmọ̀ irọ́ náà. Ibi tó ti burú nìyẹn. Iléeṣẹ́ tó ń ta sólà ni Bàṣírù ń bá ṣiṣẹ́. Òun ló tà jù lọ́dún tó kọjá, wọ́n bá fi ọjọ́ méje ní Sánsíbà ta òun àti ìyàwó rẹ̀ lọ́rẹ, bàálù, hòtẹ́ẹ̀lì, oúnjẹ, gbogbo ẹ̀ lọ́fẹ̀ẹ́. Màsúdát ti ń ṣe tíṣà láti ọdún mẹ́rìnlá, kò ráyè sinmi rí. Inú rẹ̀ dùn dé gongo. Ó wọ kẹ̀kẹ́, ó gba Gàmbàrí lọ láti sọ fún ìyá rẹ̀, ó sì bá a lẹ́nu ọ̀nà tó ń ṣa ẹ̀wà. Ó kúnlẹ̀, ó ní, “Màmá, èmi àti Bàbá Ṣùkúrà fẹ́ wọ bàálù lọ́sẹ̀ tó ń bọ̀.”

Bàálù! Ọ̀rọ̀ bùṣe. Nínú agbo ilé yẹn, láti ayé bàbá bàbá wọn, kò sẹ́ni tó wọ bàálù lọ síbòmíràn rí. Mẹ́kà ni bàálù ń lọ, Mẹ́kà ni bàálù ti ń bọ̀. Tí ọ̀kan bá ń kọjá lókè, àwọn ọmọdé ibẹ̀ á máa juwọ́ sí i, wọ́n á ní kó bá àwọn kí Ànọ́bì. Ìyá Hàrúnà da ẹ̀wà nù, ó fò dìde, obìnrin tí orúnkún ti ń dà láàmú láti ọdún mẹ́fà o! “Ẹ bá mi yọ̀! Ọmọ mi ń lọ Mẹ́kà!” Kí ẹ tó ṣẹ́jú, agbo ilé ti kún. Ẹnìkan ní ṣé àkókò Háájì ti tó ni? Wọ́n ní, dákẹ́ ẹnu ẹ, Ùmúrà ni, Ùmúrà ò ní ìgbà. Ká tó wí ká tó fọ̀, wọ́n ti ń pè é ní Àlájà.

Màsúdát la ẹnu lẹ́ẹ̀mejì. Lákọ̀ọ́kọ́, ariwo ò jẹ́ kí wọ́n gbọ́. Lẹ́ẹ̀kejì, ó rí ìyá rẹ̀ tó ń sunkún ayọ̀, ó bá pa ẹnu náà dé. Ẹ̀yin náà ẹ bi ara yín léèrè, kí lẹ bá sọ? Kí ẹ ní rárá o, Màmá, òkun la fẹ́ lọ wẹ̀?

Nígbà tó délé tó sọ fún ọkọ rẹ̀, Bàṣírù rẹ́rìn-ín títí ó fi dikùn mú. “Fi wọ́n sílẹ̀ jàre,” ó ní. “Ta la pa? A ó ra èso dàbínù àti ìlẹ̀kẹ̀ tẹ̀súbáà bọ̀.” Irú ẹni bẹ́ẹ̀ ni. Ó lè ta sólà fún ẹni tó ń gbé inú ihò ilẹ̀, àmọ́ kò mọ ìgbà tí ọ̀rọ̀ kì í ṣe ọ̀rọ̀ ọjà.

Tó bá mọ síbẹ̀, a ò bá ní irọ́ kékeré ni. Àárọ̀ ọjọ́ tí wọ́n máa lọ ni ìyá rẹ̀ gbé ọ̀rá dúdú náà jáde. Aṣọ funfun ni, kò ní iṣẹ́ ọnà kankan lára, ó sì ti wà nísàlẹ̀ àpótí rẹ̀ pẹ̀lú káfúrà láti ọdún méjìlá. Àwọn àgbà ibẹ̀ máa ń ṣe é bẹ́ẹ̀: ẹni tí kò bá lè dé Mẹ́kà fúnra rẹ̀ á fi aṣọ tí wọn ó fi sin ín rán ẹni tó ń lọ, kó lọ bá a fọ̀ ọ́ ní omi sàmúsàmú, omi kànga mímọ́ Mẹ́kà, kó sá a sí oòrùn ilẹ̀ mímọ́, kó gbé e padà fún un. “Ẹsẹ̀ mi ò lè gbé mi débẹ̀ mọ́,” ni ìyá wí. “Jẹ́ kí èyí tí mo máa wọ̀ lọ pàdé Ọlọ́hun bá mi débẹ̀. Tí o bá dúró níwájú Káábà, pe orúkọ mi. Kàdíját ọmọ Àbúdù. Má pè é sínú o. Pè é síta.”

Màsúdát kúnlẹ̀, ó fi ọwọ́ méjèèjì gbà á. Wàláhì, ibẹ̀ gan-an lọ̀rọ̀ ti bàjẹ́. Àdúà tí wọ́n ṣe fún un lọ́jọ́ yẹn pọ̀ débi pé ó ṣe àmín títí ohùn rẹ̀ fi há.

Ní Sánsíbà lọ́jọ́ Ajé yẹn, wọn ò wo òkun mọ́. Bàṣírù lọ sídìí tábìlì àwọn tó ń gbàlejò ní hòtẹ́ẹ̀lì, ó bẹ̀ wọ́n kí wọ́n bá òun pe àwọn oníbàálù. Wọ́n pè wọ́n títí. Kò sáyè. Ọjọ́rú tí wọ́n kọ sórí tíkẹ́ẹ̀tì ni Ọjọ́rú.

“Ṣé a ò lè gba ibí lọ Mẹ́kà ni?” Màsúdát bi í.

“Físà dà?”

“Ẹ bá mi wá nǹkan ṣe! Ìyá mi ń kú lọ, ẹ̀yin ń bi mí léèrè físà!” Ó pariwo tó bẹ́ẹ̀ tí àwọn òyìnbó tó ń jẹun gbójú sókè. Kò bìkítà.

Bàṣírù fà á lọ́wọ́ wọ yàrá. Ó gbé ohùn wálẹ̀. “Màsúdát, gbọ́. Kàn bu omi ẹ̀rọ sí i, kó o sá a, ó parí. Ta ló máa mọ̀?”

“Èmi ńkọ́?”

“Ìwọ náà á gbàgbé.”

Ó wo ọkọ rẹ̀ bíi pé òní ló ṣẹ̀ṣẹ̀ rí i. Ó yọ aṣọ náà kúrò nínú ọ̀rá, òórùn káfúrà gba gbogbo yàrá, ó sì rí i pé ìyá òun ti fi òwú dúdú kọ K kékeré kan sí igun rẹ̀, K gbọ̀rọ̀-gbọ̀rọ̀ ti ẹni tó kọ́ ìwé ní àgbà. Ó ti ojú bọ inú aṣọ náà, ó sunkún kíkorò. Ẹ̀rù ń bà á. Kì í ṣe ẹ̀rù pé wọ́n á mọ̀. Ẹ̀rù pé ìyá rẹ̀ á kú kí òun tó dé, ẹ̀rù sì tún ni pé kò ní kú kí òun tó dé, tí òun á wá dúró níwájú rẹ̀, kí lòun fẹ́ sọ?

Ìgbà tí wọ́n pe ìrun Alaasari nítòsí ni ọgbọ́n kan sọ sí i lọ́kàn. Ó nu ojú. Ìlú Mùsùlùmí nibí kẹ̀! Àwọn náà ń lọ Mẹ́kà lọ́dọọdún. Ẹni tó bá lọ ò ní ṣaláìbu sàmúsàmú bọ̀. Tí òun ò bá lè gbé aṣọ dé ìdí omi, ṣé omi ò lè wá bá aṣọ?

Ọjọ́ Ìṣẹ́gun, kí ilẹ̀ tó mọ́ tán, wọ́n ti wọ takisí Sulaiman. Bàbá tó ti lé ní àádọ́ta ọdún ni, onírùngbọ̀n funfun, tó ti ń fi ọkọ̀ gbé wọn káàkiri láti ọjọ́ tí wọ́n ti dé, tó sì máa ń bá wọn sọ gẹ̀ẹ́sì. Ó gbé wọn wọ inú ìlú àtijọ́, níbi tí ojú ọ̀nà ti há bí ìkọ̀rọ̀ Ọjà-Ọba. Ṣọ́ọ̀bù mẹ́fà ni wọ́n wọ̀. Ní ìkeje, ọkùnrin kan gbé ike omi jáde, ó bura pé sàmúsàmú ni. Sulaiman bú sẹ́rìn-ín, ó ní ẹ̀rọ omi tó wà lẹ́yìn ṣọ́ọ̀bù ọkùnrin náà gan-an ló ti pọn ọ́n. Màsúdát jókòó sẹ́nu ọ̀nà ṣọ́ọ̀bù náà láìwo ẹ̀yìn wò.

“Ta ló ń ṣàìsàn?” Sulaiman bi í.

“Ìyá mi.”

Bàbá náà ní kí wọ́n wọ ọkọ̀. Ó gbé wọn lọ sílé àǹtí bàbá rẹ̀, arúgbó kan tí wọ́n ń pè ní Bí Súhúrà, ‘Bí’ ni wọ́n ń pe ìyá àgbà níbẹ̀, tó ń gbé nínú ilé kékeré kan lẹ́yìn ìlú. Ọmọ Bí Súhúrà ló lọ Háájì lọ́dún mẹ́ta sẹ́yìn, ó sì bu omi bọ̀ fún un nínú ike. Ó ti fi wé aṣọ ìnura, ó gbé e sínú kọ́bọ́ọ̀dù. Ó kù bí ìlàjì. Ọjọ́ ikú rẹ̀ ló ń tọ́jú rẹ̀ dè.

Màsúdát kúnlẹ̀ níwájú arúgbó náà, ó rojọ́, Sulaiman ń túmọ̀. Ó sọ ọ́ tán pátá, kò fi nǹkan kan pamọ́, ẹ̀wà, bàálù, ariwo agbo ilé, gbogbo ẹ̀. Ó yà á lẹ́nu bó ṣe rọrùn fún un láti sọ òótọ́ fún ẹni tí kò gbédè rẹ̀. Arúgbó náà béèrè ọ̀rọ̀ kan.

“Ó ní ṣé ìyá ẹ mọ̀ pé ibí lo wà?” ni Sulaiman wí.

Màsúdát mi orí pé rárá.

Arúgbó náà pòṣé. Síbẹ̀ ó dìde, ó gbé abọ́ wá, ó da omi náà sí i. Omi ọ̀hún ò pọ̀. Àwọn obìnrin méjèèjì tẹ aṣọ náà díẹ̀ díẹ̀ sínú rẹ̀, wọ́n ń fún apá tó ti rẹ láti fi rẹ apá tó kù, títí kò fi sí ibi tí kò tutù. Wọ́n sá a sórí okùn Bí Súhúrà, ó sì jókòó sábẹ́ rẹ̀, ó ń lé adìẹ, títí ó fi gbẹ. Nígbà tí wọ́n ń lọ, ó di Màsúdát lọ́wọ́ mú, ó sọ̀rọ̀ díẹ̀.

“Ó ní omi yìí, òun fi ta ìyá ẹ lọ́rẹ,” ni Sulaiman wí. “Ó ní ìrìnàjò ló kù, ìyẹn ò sí lọ́wọ́ òun.”

Nínú ọkọ̀, ara Bàṣírù ti yá gágá. “Ṣó o rí i báyìí? Sàmúsàmú gidi! A ti fọ̀ ọ́. Ìwọ náà sọ fún Bọ̀ọ̀dá pé o ti fọ̀ ọ́. Irọ́ dà ńbẹ̀?” Màsúdát gbá aṣọ náà mọ́ àyà. Ó fẹ́ gbà á gbọ́. Ó fẹ́ ẹ débi pé nígbà tí wọ́n fi máa dé hòtẹ́ẹ̀lì, ó ti fẹ́rẹ̀ẹ́ gbà á gbọ́ tán.

Wọ́n gbéra lọ́jọ́rú. Nígbà tí bàálù dìde, òkun tẹ́ sísàlẹ̀, ó ń dán, Màsúdát fa ìbòjú fèrèsé wálẹ̀. Láàárọ̀ Ọjọ́bọ̀, ní pápákọ̀ òfurufú Èkó, ó wọ ilé ìtọ̀, ó bọ́ kaba olódòdó tó fi ṣe fàájì, ó wọ jálámíà funfun àti hìjáàbù ńlá. Ó wo ara rẹ̀ nínú dígí. Àlájà ló rí níbẹ̀, ojú tì í, ó tètè jáde.

Wọ́n háyà ọkọ̀ lọ sí Ìlọrin. Ní Ìbàdàn ó pe Hàrúnà. “Wọ́n ṣì wà?” “Wọ́n wà. Ẹ máa bọ̀.” Ní Ọ̀yọ́ ó tún pè é. Ní Ògbómọ̀ṣọ́, Hàrúnà ò gbé e. Lẹ́ẹ̀mẹ́ta ló pè é tí kò gbé e, Màsúdát bá bẹ̀rẹ̀ sí í gbá ìjókòó awakọ̀ níwájú rẹ̀, ó ń ké pé kó sáré, kó sáré, Bàṣírù ò lè dá a dúró. Hàrúnà ló padà pè. Ìrun ló ń kí. Màmá wà, wọ́n ń béèrè ibi tí aṣọ dé.

Gàmbàrí ti dúró dè wọ́n. Bí ọkọ̀ ṣe yọ lórí kòtò ẹnu agbo ilé ni wọ́n ké “Àlájà dé o! Àlájà wa dé!” Àwọn obìnrin ń fọwọ́ kan hìjáàbù rẹ̀, wọ́n ń fọwọ́ náà pa ojú. Ẹnìkan ní ojú ẹ̀ dúdú sí i, oòrùn Mẹ́kà mà le o. Bàṣírù ti ń pín dàbínù. Màsúdát la àárín wọn kọjá, ọ̀rá dúdú wà lábíyá rẹ̀, ó wọ yàrá.

Ìyá rẹ̀ ti kéré. Ọ̀sẹ̀ kan péré ni, ara rẹ̀ ti wọ̀ sínú ìrọ̀rí. Àmọ́ ojú rẹ̀ ṣì mọ́ kedere. Ó wo ọmọ rẹ̀ láti òkè dé ilẹ̀, ó rẹ́rìn-ín, ó ní, “Ẹ jáde, gbogbo yín. Mo fẹ́ dá rí Àlájà mi.” Wọ́n jáde. Hàrúnà pa ilẹ̀kùn dé.

“Gbé e wá.”

Màsúdát tẹ́ ẹ sí i láyà. Ìyá náà fi ọwọ́ pa á, ó gbóòórùn rẹ̀. “Ó gbẹ dáadáa. Oòrùn ibẹ̀ mú.”

“Ó mú, Màmá.”

“O pe orúkọ mi?”

Màsúdát ti múra ìdáhùn ìyẹn sílẹ̀ láti Èkó. Bẹ́ẹ̀ ni, Màmá. Ọ̀rọ̀ mẹ́ta péré. Ó lanu.

Ìyá rẹ̀ ò dúró gbọ́ ọ. “Mo mọ̀ pé o pè é. Lọ́jọ́ Jímọ̀, lẹ́yìn ìrun, mo jókòó síbí, àyà mi ṣàdédé fúyẹ́ báyìí. Mo ní, háà, ó ti ń pè mí. Kàdíját ọmọ Àbúdù. Mo dáhùn gan-an. Mo ní, èmi rèé, Olúwa mi. Bí ó bá ṣe pé ọjọ́ yẹn ni mo kú, mi ò bá má jìyà.”

Lọ́jọ́ Jímọ̀ yẹn, lẹ́yìn ìrun, inú ọkọ̀ ojú omi ni Màsúdát wà, ó ń jẹ mángòrò, ó ń wo àwọn ẹja ńlá tó ń fò lójú òkun. Ó rántí pé òun pàtẹ́wọ́ fún wọn. Ó gbìyànjú láti sọ ọ̀rọ̀ mẹ́ta yẹn, wọn ò jáde.

“Màmá, mi ò dé Mẹ́kà.”

Ó sọ ọ́ tán lórí ìkúnlẹ̀. Ó sọ ti ẹ̀bùn iléeṣẹ́, ti òkun, ti fóònù, ti Bí Súhúrà àti omi rẹ̀. Ó ní sàmúsàmú gidi ni o, Màmá, wàláhì, sàmúsàmú gidi ló kàn án. Ìyá náà ò pariwo. Ìbá sàn kó pariwo. Ọwọ́ rẹ̀ tó wà lórí aṣọ náà ló kàn ń gbé kúrò díẹ̀ díẹ̀, títí ó fi gbé e sórí ẹní.

“Ta ló wá pè mí lọ́jọ́ Jímọ̀?” ó béèrè.

Màsúdát fi iwájú orí kan ẹní.

“Mo dáhùn, Màsúdát. Mo dáhùn, kò sì sẹ́ni tó pè mí.”

“Màmá, ẹ foríjì mí. Ẹ foríjì mí nítorí Ọlọ́hun.”

“Ká a.”

“Màmá?”

“Mo ní kó o ká aṣọ náà. Kó o pe Hàrúnà.”

Ó ká a, ó pe Hàrúnà. Hàrúnà wọlé, ogún ènìyàn sì tẹ̀ lé e. Ìyá wọn ní, “Lọ sí Ọjà-Ọba kí wọ́n tó kó àtẹ nílẹ̀. Ra aṣọ funfun fún mi, irú èyí tí wọ́n fi ń sìnkú.”

Hàrúnà wo aṣọ tó wà lọ́wọ́ àbúrò rẹ̀. “Màmá, èyí tí Àlájà gbé bọ̀ ńkọ́?”

Màsúdát tẹ orí ba. Ó dé báyìí. Ó tiẹ̀ fẹ́ kó dé. Kí wọ́n tutọ́ sí òun lára, kí wọ́n lé òun jáde, kó ṣáà parí. Ìyá rẹ̀ wò ó pẹ́, lẹ́yìn náà ó gbójú sókè wo àwọn èrò tó há sẹ́nu ọ̀nà.

“Màsúdát ni kó máa gbé e,” ó ní. “Tiẹ̀ ni. Òun náà á kú lọ́jọ́ kan.”

Ariwo gba yàrá! Wọ́n bú sẹ́kún. Ẹ wo ìyá! Aṣọ tó ti Mẹ́kà dé, tó fi ọdún méjìlá retí, ó fi ta ọmọ lọ́rẹ! Ìyá ò ṣeé fi ṣeré o! Hàrúnà alára ń nu ojú bó ṣe ń jáde lọ sọ́jà. Nígbà tí wọ́n lọ tán, Màsúdát fà lórí orúnkún dé ìdí ẹní, ó di ẹsẹ̀ ìyá rẹ̀ mú.

“Màmá, ẹ wọ̀ ọ́. Mo bẹ̀ yín. Ẹ jẹ́ kí wọ́n fi sin yín.”

“Aṣọ tí ò dé ibì kankan sàn fún mi ju èyí tó ń parọ́ ibi tó dé lọ.”

“Ẹ ní ẹ foríjì mí. Ẹ kàn sọ ọ́ lẹ́ẹ̀kan.”

“Mo ti bò ọ́ láṣìírí,” ni ìyá rẹ̀ wí, ó sì rọra yí ojú sí ògiri. “Èyí tó kù, ìwọ àti Ọlọ́hun ni. Jẹ́ n sinmi.”

Kò sọ̀rọ̀ mọ́. Ó kú láàárọ̀ Jímọ̀, oòrùn ò tíì ga. Àwọn obìnrin wẹ̀ ẹ́, wọ́n fi aṣọ tuntun wé e, aṣọ tí ojú ìlà tí wọ́n ti ká a lọ́jà ṣì hàn lára rẹ̀. Lẹ́yìn ìrun Jímọ̀, wọ́n gbé e kalẹ̀ lágbàlá, èrò kún fọ́fọ́. Màsúdát wà nínú yàrá pẹ̀lú àwọn obìnrin, ó gbọ́ ohùn Áfà látojú fèrèsé: “Ẹni tí olóògbé yìí bá ṣẹ̀ rí, Áfà ń bẹ̀ yín, ẹ foríjì í.” Gbogbo agbo ilé dáhùn pé àwọn ti foríjì í. Ó dúró, ó tẹ́tí, bóyá Áfà á tún bi olóògbé léèrè pé ẹni tó ṣẹ̀ ẹ́ ńkọ́. Áfà kábárá, wọ́n bẹ̀rẹ̀ ìrun.

Ìgbà tí àwọn ọkùnrin gbé e lọ tán ni Màríámù, ìyàwó Hàrúnà, wọlé tòun ti ọmọ rẹ̀ obìnrin lẹ́yìn. Ara ọmọ náà ti ń gbóná láti ọjọ́ mẹ́ta. Ó kúnlẹ̀. “Àlájà, ẹ jọ̀ọ́, ẹ jẹ́ kó fara kan aṣọ tó wà lórí itan yín yẹn.”

Màsúdát wo ọmọ náà, ó wo gbogbo obìnrin tó jókòó yí i ká. “Màríámù, aṣọ yìí ò dé Mẹ́kà,” ó ní. Ohùn rẹ̀ ròkè. “Èmi náà ò débẹ̀. Ẹ gbọ́ o, gbogbo yín. Mi ò lọ Ùmúrà. Òkun ni mo lọ wẹ̀.”

Ìyá Àríyọ̀, àgbà ilé, dìde pẹ̀lú ọ̀pá rẹ̀, ó wá jókòó tì í, ó fà á mọ́ra. “Pẹ̀lẹ́, ọmọ mi. Ọ̀fọ̀ ni. Nígbà tí èmi náà ṣòfò ìyá, ọjọ́ méjì ni mo fi ń sọ ìsọkúsọ.”

“Wàláhì tàláhì, òótọ́ ni mò ń sọ!”

“Má búra mọ́. Ẹni tó ti Káábà dé kì í búra.”

Ó rí Bàṣírù lẹ́nu ọ̀nà, ó wá mú bàtà rẹ̀ kó lè bá wọn lọ sí sàréè. “Bàbá Ṣùkúrà, ẹ sọ fún wọn! Ẹ sọ fún wọn níbi tá a lọ!”

Bàṣírù wò ó. Ó wo àwọn obìnrin náà, ojú gbogbo wọn tó rọ̀ fún àánú. Ó tẹrí ba wo bàtà. “Ìyá Ṣùkúrà, rọra sinmi,” ó ní, ó sì lọ.

Màríámù ti fi ìṣẹ́tí aṣọ náà pa ojú ọmọ rẹ̀, ó ń bẹ Ọlọ́hun lábẹ́lẹ̀. Nígbà tó parí, gbogbo wọn wo Màsúdát, wọ́n ń dúró kó ṣe àdúà. Ó mi orí, ó ń sunkún, kò sọ nǹkan kan. Wọ́n sì ṣe àmín.